Mo Lóṣòó sí Iwájú Ṣọ́ọ̀bù

Túsìdeè mẹ́ta ni mo fi gun òkè Adétí ní Iléṣà,
kọ̀ǹpútà lápò, bátìrì rẹ̀ ò ju wákàtí kan lọ,
mo ń lọ bá Alàgbà Fápohùndà sọ̀rọ̀ ìkànnì wọn.

Wọ́n ní èyí tó wà nílẹ̀ ti tó.
Ọmọ àbúrò wọn ló ṣe é, lọ́dún tí wọ́n ra Pijó funfun:
lẹ́tà pupa lórí búlúù, tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ata ta sójú,
ìràwọ̀ méje tó ń yí orúkọ ṣọ́ọ̀bù po,
orin tó máa ń bú jáde kí èèyàn tó mọ ibi tó wọ̀,
àti nọ́ńbà kan nísàlẹ̀ tó ń ka àlejò,
tó ti kú sórí òjìlélẹ́gbẹ̀ta ó lé kan.

Mo ní, "Bàbá, fóònù làwọn èèyàn fi ń ra gínì báyìí.
Ojú ìwé yín fẹ̀ ju fóònù lọ.
Ẹ wò mí bí mo ṣe ń fà á sọ́tùn-ún, tí mo ń fà á sósì,
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.
Kó tó ṣí tán, dátà igba náírà ti jóná."

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí,
ilé làwa Ìjẹ̀ṣà ti ń múná roko.
Kí ni n ó fi ìṣáná yín ṣe?"

Mo ní iná àtilé dára,
ṣùgbọ́n oko ti jìn ju ti àtijọ́,
ọyẹ́ sì ń fẹ́ lójú ọ̀nà.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ra gúgúrú fún mi. Wọn ò gbà.

Lọ́sẹ̀ kejì mo mú ìwé wá,
mo kọ òfin iṣẹ́ wa síbẹ̀: kí àkọlé jẹ́ àkọlé,
kí àwọ̀ lẹ́tà yàtọ̀ sí àwọ̀ ibi tó dúró lé.
Wọ́n fi ìwé náà di ẹ̀pà.

Kí n má purọ́, inú bí mi.
Díẹ̀ ló kù kí n kun àwọn ìràwọ̀ yẹn lọ́dà tuntun,
kí n gbowó, kí n máa lọ.
Owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́rùn mi. Ta ni ìbá mọ̀?

Lọ́sẹ̀ kẹta, Tíṣà Ìbírónkẹ́ ti ṣáájú mi débẹ̀,
àwọn tó kọ́ ìdajì Adétí ní ìṣirò.
Ojú wọn ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́rin;
fóònù ló ń kàwé sí wọn létí.
Aṣọ yunifọ́ọ̀mù ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n wá rà.
Mo ní kí wọ́n ṣí ìkànnì náà níṣojú Alàgbà.

Ohùn inú fóònù ní: Àwòrán.
Ó ní: Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán.
Kò dárúkọ gínì, kò dárúkọ kámpálà,
kò dárúkọ Fápohùndà.

Tíṣà ní, "Ṣé o ti kó ọjà kúrò ńbẹ̀ ni?"

Alàgbà bojú wo pákó aṣọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀.
"Ọmọ tí a bí tí a ò sọ lórúkọ,
báwo la ó ṣe pè é kó jẹ́?"
Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ni.

Ìgbà yẹn ni mo lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn mi kan ògiri,
bí bàbá wọn ti máa ń ṣe nílé onígbèsè
ní ìlú onílùú, pẹ̀lú ìdì aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo ní, "N ò ní dìde o. Òṣómàáló lèmi náà.
Gbèsè tí mo wá gbà kì í ṣe owó:
ẹ jẹ́ n sọ aṣọ yín lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan,
kí ojú ìwé náà sì máa wọnú fóònù
bí omi ti í wọnú igbá."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.
"Bàbá mi kì í jókòó de oníbàárà," ni wọ́n wí.
"Ẹsẹ̀ ló fi ń bá wọn délé."

Wọ́n gbà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀.
Orin lọ, búlúù lọ,
ìràwọ̀ mẹ́fà lọ.
Ìkan tó kù wà lókè lápá òsì, kò yí mọ́.
Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lábẹ́ fún ẹni tí ò ríran:
"Ìràwọ̀. Alàgbà ò jẹ́ kí n yọ ọ́."